Bàtà Ọmọdé Kan

Níbi tí à ń gbé, a kì í pe nǹkan ní "tèmi."
Èmi Pẹ́bọ̀ ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀,
èmi tí mo ti ta àlùbọ́sà rí létí odò Náílì,
tí mo mọ iye owó tó wà nínú àpò oníbàárà
kí ó tó tú okùn ẹnu rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí mo dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gba aṣọ mi,
wọ́n fún mi ní ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ tí kò lápá,
awọ ewúrẹ́ kan, ọ̀pá kan, ìbòrí kan.
Mo ní, "Bàtà mi ńkọ́?"
Adènà ní, "Bàtà wa."
Mo rò pé ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni.

Ogún ènìyàn ló wà nílé àwa tí à ń hun ẹní.
A kì í nà gbalaja sùn; orí àga amọ̀ la ti ń tòògbé,
ẹ̀yìn fara ti ògiri, bí ẹni tó ń retí oníṣẹ́.
Kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ìpè ti dún.
Koríko odò ti mu omi mọ́jú.
Ọwọ́ ń hun, ẹnu ń ka Sáàmù,
ọ̀kan sábẹ́, ọ̀kan sókè,
tó fi jẹ́ pé bí mo bá ṣì í hun,
mo mọ̀ pé mo ti ṣì í kà.

Nídìí oúnjẹ, a ó fa ìbòrí bojú.
Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí ohun tí ẹnìkejì jẹ
tàbí ohun tí kò jẹ.
Àṣà ìtajà ò tíì kúrò lára mi, mo ń fi etí kà:
Haríóòtù ń fọ́ búrẹ́dì gbígbẹ,
Títóẹ̀ ń tu kóró ólífì sínú àwo.
Níbi tí Kólútù jókòó sí, n kì í gbọ́ nǹkan kan.

Má rò pé áńgẹ́lì ni wá o.
Súrúsì ń hanrun bí ràkúnmí tó rí ẹrù.
Lọ́dún kan, ìjà bẹ́ nílé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì,
lórí ta ló sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun;
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wo ara wọn bí ológbò.
Ìfẹ́ ará tí à ń wí yìí, ó ní igun, ó ń gún ni.

Kólútù ní tiẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà.
Ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn gbá ìlú rẹ̀ mọ́ ló wá bá wa.
Ó hun ẹní fún ọdún mọ́kànlá.
Ikọ́ mú un nígbà tí Náílì kún,
ó sì lọ lóru, lórí ìjókòó,
bí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ pé òun ń bọ̀.

Àwa tí a wẹ̀ ẹ́ la rí i:
lábẹ́ ẹ̀wù, nínú àkísà tí ó dì mọ́ àyà,
bàtà ọmọdé kan. Ẹyọ kan péré.
Ewé ọ̀pẹ ni wọ́n fi hun ún, kò gùn ju ìka mi àárín lọ.
Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Ọmọ tó ti ń sáré ni.

Gbogbo wa dákẹ́. Òfin ò ṣòro yé:
ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́, ó ja ará lólè.
Alàgbà Sẹnúfẹ́ sì ni olórí ilé wa,
ẹni tó ti ní kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ará
nítorí abẹ́rẹ́ kan.
Ó gbé bàtà náà lé àtẹ́lẹwọ́,
ó wò ó bí ẹni tó gba lẹ́tà tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.
Ó rìn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, a tẹ̀ lé e.
Ó tú ìwé òrépèté tí à ń ka ẹrù sí,
ó ki kálámù bọ tàdáwà,
ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀pá méjìdínlógún àti ìkòkò òróró mẹ́fà:
"Bàtà ọmọdé, ẹyọ kan. Tiwa."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fa ìbòrí bojú,
mo fi etí kà.
Kò sẹ́ni tó fọ́ búrẹ́dì.