Níwájú Ilé Ta Ni N Ó Lóṣòó Sí?

Ẹ̀rọ géèmù mẹ́sàn-án ni mo tú lóṣù Agẹmọ
nínú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèsà, lẹ́yìn ilé epo.
Eruku Iléṣà pupa bí osùn nínú fáànù wọn,
aáyán kan ti kú sínú ìkejì.
Ṣùgbọ́n méje nínú mẹ́sàn-án,
orúkọ kan náà ni mo kà lẹ́yìn ṣíìpù ìrántí,
lẹ́tà wínníwínní tí mo fi gíláàsì wò:
ilé-iṣẹ́ kan ní Kòríà.
Mo ní, áà, ohun tí àwọn olówó ń wá kiri rèé,
ó wà lábẹ́ ìka mi.

Fápohùndá, akọ̀wé báńkì,
ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi fóònù ra ìpín.
Ó ní ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀, gbogbo ayé ń méfò:
ta ni yóò bá wọn ṣe ìrántí rẹ̀?
Ará Kòríà ni, àbí ará Amẹ́ríkà,
àbí àwọn ará Ṣáínà tó ń tà á lọ́pọ̀?
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó tó hàn,
ó ti jẹun kí wọ́n tó gbé e kaná.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà, owó jẹnẹrétọ̀,
ni mo fi méfò tèmi.

Fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó ń gòkè.
Mo ń fi òjé jó wáyà, mo ń wo fóònù,
mo jó ìka mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò bínú.
Ọjọ́ kejìlá, ẹnìkan níbìkan sọ pé òun gbọ́
pé ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún.
Ó gbọ́ ni o. Kò rí i.
Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ìdá kan nínú mẹ́ta owó mi
ti bá ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Baba bàbá mi ta aṣọ láwìn
láti Iléṣà dé Ìkàrẹ́, dé Kàbbà.
Kò mọ̀wé, kò ní ìwé gbèsè,
orí rẹ̀ ni ìwé:
ìyá tó jẹ ẹ́ ní ṣílè mẹ́rin lórí àrán,
ọkọ ìyàwó tó ra sányán tó sá lọ oko kòkó,
àwọ̀ aṣọ, ọjọ́ ọjà, ilà ojú onígbèsè.
Èèyàn méjìlélógójì, kò gbàgbé ẹyọ kan.
Tó bá débẹ̀, a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà:
òṣó ni òun máa ló títí òun yóò fi gbowó òun.
Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, kò ní jẹ.
Òjò á rọ̀, kò ní dìde.
Ó mọ ojú ẹni tó jẹ ẹ́.

Èmi ńkọ́?
Níwájú ilé ta ni n ó lóṣòó sí?
Ṣé ní Kòríà, tí n kò mọ ọ̀nà ibẹ̀?
Ṣé lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó gbọ́?
Ṣé níwájú Fápohùndá, tí òun pàdánù jù mí lọ,
tó ń rẹ́rìn-ín gbígbẹ ní kọ̀ǹtà báńkì?
Mo lóṣòó níwájú fóònù mi.
Ó ní kí n tún méfò.

Lónìí, Ọmọ́tádé gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, omi lójú.
Ó ní ipele ogójì lòun dé kó tó kú,
ó ní ẹ̀rọ náà ti gbàgbé òun.
Mo yọ ṣíìpù lára òkú ẹ̀rọ kan lábẹ́ tábìlì,
orúkọ Kòríà yẹn ló wà lẹ́yìn òun náà,
mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀.
Iná tàn. Ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n:
Káàbọ̀, Bọ́sún. Ipele kẹtàdínlọ́gbọ̀n.
Bọ́sún wo?
Mo rántí: ọmọ olùkọ́ tó ń gbé Ìmọ̀ tẹ́lẹ̀.
Wọ́n ti kó lọ Kánádà, ó pé ọdún mẹ́rin.
Ṣíìpù náà kò tíì gbọ́.

Mo ní, "Ṣé kí n pa á rẹ́?"
Ọmọ́tádé mirí. Ó ní kí n fi í sílẹ̀,
bóyá Bọ́sún ń bọ̀ wá parí rẹ̀.

Fóònù mi dún nínú àpò. N kò wò ó.