Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Mo ní mo ń lọ ra ìṣó ní Tákíè.
Irọ́ ni. Ọ̀kadà gbé mi kọjá Tákíè,
ó já mi sílẹ̀ lẹ́nu géètì kílíníìkì ní Sábó,
níbi tí wọn ò ti mọ ilé wa.

Nọ́ọ̀sì ò bèèrè orúkọ.
Ó fún mi ní páálí kékeré: mẹ́tàdínlógún.
"Bàbá, láàárín ọdún kan, ẹni mélòó?"
Mo wo àjà. Mo wo bàtà mi.
Mo ní, "Ẹnìkan,"
ahọ́n mi kọsẹ̀.
"Méjì."
Kò bú mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀
bí ẹni ń ka garawa omi.

Ìtọ̀ nínú ike, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò tín-ín-rín.
Èmi tí òòlù ti bó léèékánná láìmọye ìgbà,
abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló mú kí n dijú.

Lórí bẹ́ńṣì, gbogbo wa ń wo ilẹ̀
bíi pé owó ẹnìkan ló já síbẹ̀.
Obìnrin kan fi ìborùn bojú.
Sálúbàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀:
awọ tí mo fi ìṣó mẹ́ta kàn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ìyá Oyèdòkun.
Ẹni tó ní òun ń lọ lọ ata.

Mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹnìkan ló wà láàárín wa,
ọmọkùnrin kan tó ń fi eyín gé èékánná.

Kò gbójú sókè.
Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè:
"Ṣé ẹ rí ìṣó rà?"