Ẹni Tó Kọ̀yìn sí Ìtàgé

Ìwé náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ,
tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, ó ti pọ́n bí ìpẹtà,
ṣùgbọ́n ariwo ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìlú Yọ́ọ̀kì ni, láyé àwọn ọba Jọ́ọ̀jì,
alẹ́ òtútù kan tí yìnyín dí ojú ọ̀nà.
Ilé eré kún dẹ́nu.
Àwọn olówó wà nínú iyàrá kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ògiri,
bí ẹyẹlé nínú ilé wọn;
akọ̀wé àti oníṣòwò fún pọ̀ ní ìsàlẹ̀;
àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ń bẹ lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé,
níbi tí èéfín àbẹ́là ti ń gbé òógùn gbogbo ayé wá bá wọn.

Ámósì Pẹ́nírì fún onífèrè kan ní ṣílè méjì
kó lè ráyè jókòó láàárín àwọn olórin,
ó wá kọ̀yìn sí ìtàgé.
Ó sanwó eré, ó kọ̀yìn sí eré!

Àwọn àgbà ní ìran kì í wòran.
Ó dáa. Ẹ wá wò wọ́n.
Ọkùnrin yìí la ẹnu gbàràgàdà, eyín mẹ́ta ló kù níbẹ̀,
wíìgì rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ ń dán bí ìgò.
Ìyá sísanra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú
bí ẹni pé olè fẹ́ gbé e.
Ẹnì kẹta kò rẹ́rìn-ín, oorun ló ń sùn,
wọ́n sì ti fi èèpo ọsàn kọ́ ọ létí.

Késíà tó ń ta ọsàn náà nìyẹn,
apẹ̀rẹ̀ lórí itan, ojú lára owó.
Ó ti gbọ́ àpárá yìí ní alẹ́ mọ́kànlá,
ó mọ ibi tí ẹ̀rín yóò ti bú;
ìgbà yẹn gan-an ló ń fi ṣéńjì lé oníbàárà lọ́wọ́.
Kọ́bọ̀ kan á dín.

Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? A ò rí i.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ámósì yí ọrùn padà:
gìgísẹ̀ bàtà pupa kan ló yà, àti etí yẹ̀rì,
Tọ́fẹ́tì baba ọlọ́mọ méje
tó ń ṣe opó tó ń wá ọkọ kẹrin.
Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Jábésì arúgbó
di ìwé eré mú, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ṣáájú ẹni tó lè gbàgbé.
Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo àpárá kọ́kọ́ ń gbà kọjá,
kò dúró jẹ́ kí ọ̀kan pa á lẹ́rìn-ín.
Ámósì ya ẹnu náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò bá a mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibí yìí:
láti imú ìyá sísanra,
ìlà kan sá jáde, ó wọ́ kọjá lórí wíìgì,
ó gba inú afẹ́fẹ́ lọ, ó já sí etí ìwé.
Kì í ṣe irun, kì í ṣe okùn.
Ẹ̀rín ló gbé gègé lọ mọ́ ọn lọ́wọ́,
òun tó kọ̀yìn, tó lóun ò wòran.

Ọ̀rọ̀ tí Tọ́fẹ́tì sọ ti bá yìnyín ọdún náà yọ́.
Mo fi ìka tọ ìlà yẹn títí dé òpin,
ni mo bá bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìdí.
Ẹ̀yin tí ẹ dúró tì mí,
ẹ ka ṣéńjì yín.