Èje Tí Kò Nídìí

Olè wọ ilé Maarika ní Tartu.
Kò já kọ́kọ́rọ́, ajá ò gbó,
ohun tó jí ṣì wà níbi tó wà.
Ẹ wo irú olè yìí!
Bí wọ́n bá jí ewúrẹ́, okùn a ṣófo;
ti èyí, okùn ò ṣófo, ewúrẹ́ ti di méjì,
èkejì ń ké lọ́gbà aládùúgbò.

Ọdún mẹ́rin ló fi kọ ètò náà,
ìlà lórí ìlà, lóru, pẹ̀lú tíì tó ti tutù,
kí kọ̀ǹpútà lè máa wo adágún Peipsi lójú
kó sì sọ fún apẹja pé: máa lọ, tàbí: padà sílé.
Nítorí yìnyín a máa purọ́.
A funfun bí àwo, a le bí òkúta,
nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ti lanu sílẹ̀.

Feodor arúgbó ló kọ́ ọ ní ìyókù,
Feodor tí adágún gba ọmọ àbúrò rẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà.
Ó ní, "Iye yòówù kí ẹ̀rọ rẹ kà, yọ méje kúrò."
"Kí ló dé tó fi jẹ́ méje?"
Arúgbó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò fèsì.
Maarika kọ èje sí ìlà ẹgbẹ̀ta lé méjìlá.
Sẹ̀ǹtímítà méje. Kò sí ìwé tó tì í lẹ́yìn.

Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà dìde,
táì ọrùn rẹ̀ gún régé.
"Ta ló ni yìnyín? Ta ló ni ìṣirò?
Ṣé ẹni méjì ò lè ronú gba ọ̀nà kan náà ni?"
Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní fi í pamọ́.
Adájọ́ pàápàá mi orí:
èrò dà bí afẹ́fẹ́, kò sẹ́ni tó lè ṣọgbà yí i ká;
ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe sọ ọ́, ohùn tirẹ̀ nìyẹn.
Ó wá ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè:
"Ó dáa. Èje yìí ńkọ́? Báwo lẹ ṣe dé ibẹ̀?"

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wo agbẹjọ́rò. Agbẹjọ́rò wo àjà.
Ẹni tó jí ẹ̀wù lè wọ ẹ̀wù,
kò lè mọ ohun tó ya á
tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nígbọ̀nwọ́.

Maarika jàre. Owó tí wọ́n dá fún un ò ra ọkọ̀,
ṣùgbọ́n wọ́n pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ìlà rẹ̀ rẹ́
kó tó di ìgbà òtútù mìíràn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Feodor pè é lórí fóònù.
Kò kí i kú oríire.
"Àwọn tó ń lo ti olè yẹn, níhà àríwá,
ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rì?"
"Rárá, bàbá. Kò sẹ́ni tó rì."
Ó dákẹ́ pẹ́. "Ẹn-ẹ́n," ó wí, ó gbé e sílẹ̀.

Maarika jókòó di ìdájí.
Ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó jà á lólè,
lẹ́tà kúkúrú, kò kí wọn:
"Ẹ pa gbogbo tèmi rẹ́.
Èje yẹn, ẹ fi í sílẹ̀.
Kì í ṣe tèmi."