Oòrùn Kò Jẹ́ Kí Oorun Wá

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù,
ilẹ̀ sì kọ̀, kò ṣú.
Oòrùn jókòó sórí igi páìnì lódìkejì adágún
bí àlejò tó ti dágbére lẹ́ẹ̀mẹta
tí kò tíì wọ bàtà.

Ọdọọdún là ń pàdé níbí láàárín oṣù kẹfà,
àwa ọmọ Oiva, nínú ilé pákó tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.
Wákàtí mẹ́rin ni mo fi wakọ̀ láti Hẹlisíńkì,
mo ń sọ fún ara mi ní gbogbo ọ̀nà
pé lọ́dún yìí n ò ní bá Taisto jà.
A jà kí n tó gbé báàgì wọlé.

Ọ̀rọ̀ títa ilé náà ni.
Ó ní òrùlé ń jò, pákó tó wọnú omi ti jẹrà,
ó ní ta ló tún ń wá síbí yàtọ̀ sí ẹ̀fọn?
Mo ní ẹ̀fọn pàápàá ń kó ẹbí rẹ̀ wá.
Ẹni tó bá fẹ́ kí èkuru tán kì í gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo,
èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, à ń gbọ̀n ọ́n ni.

Ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún,
ó ń bó pòtétò tuntun tí ẹnikẹ́ni kì í bó.
Láti àárọ̀ ló ti ń pè mí ní Lempi, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú.
"Oiva ńkọ́? Ṣé ó ti ṣa igi iná jọ?"
Ọdún kẹfà rèé tí a ti sin Oiva.
Mo ní, "Ó wà létí omi."
Ọkọ̀ rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀, ó dojú dé sáàárín koríko.

Nínú sọ́nà, èmi àti Saila ìyàwó Taisto
jókòó sórí pákó gbígbóná, a ò wọ nǹkan kan,
a ń fi ewé tútù na ara wa lẹ́yìn.
Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́, láìwojú mi,
pé láti ìgbà yìnyín, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn ń sùn.
Ooru a máa yọ ọ̀rọ̀ lára bí òógùn.
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.
Mo da omi sórí òkúta.

Pihla ọmọ wọn ń já òdòdó kiri ìgbẹ́,
oríṣi méje, láìsọ̀rọ̀,
èyí tí yóò fi sábẹ́ ìrọ̀rí, kó lè lá àlá ẹni tí yóò fẹ́.
Ó ti ní àwàdà lásán ni.
Mo rí i tó tún un kà.

A tiná bọ igi létí omi.
Iná tí ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ kò níyì,
ó dà bíi gílóòbù tí wọ́n gbàgbé láti pa lọ́sàn-án.
Taisto wá dúró tì mí, ó na bíà kan sí mi.
"Bàbá ì bá ti ní iná yìí kéré."
"Ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀."
Kò sí ohun mìíràn tí a sọ.

Ọjọ́ ti gùn dé ibi tó lè gùn dé.
Láti ìsinsìnyí, òkùnkùn yóò máa jí i bù díẹ̀díẹ̀
bí ọmọ tó ń yọ́ ẹran inú ìkòkò jẹ.
Tó bá di oṣù kejìlá, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́ta ọ̀sán,
màá dá jókòó ti fèrèsé,
màá máa ṣàárò àwọn èèyàn wọ̀nyí
tí mo ń ka wákàtí báyìí kí n lè sá fún lọ́la.

Mo dùbúlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín pákó wọlé.
Oòrùn kò sùn, oorun kò wá,
òórùn èéfín wà nínú irun mi.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá. Ó ṣílẹ̀kùn.
Mo yára di ojú, mo di apirọrọ.
Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lẹ́sẹ̀,
ó dúró pẹ́,
ó pe orúkọ mi,
kò sì ṣì í pè.