Wúrà

Àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi pọ́n bí ẹni lọ osùn.
Aláǹtakùn pupa kan na ẹsẹ̀ sí i láyà:
mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ;
mo gbọ́wọ́ kúrò,
ó padà wá jókòó.

Òṣómàáló ni bàbá tirẹ̀,
a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè.
Ẹ̀dọ̀ ló wá lóṣòó ti ọmọ rẹ̀ báyìí,
òru ló fi ń sin gbèsè:
ara ń yún un títí àkùkọ Ìsọ̀nà fi kọ.

Mo fi ṣùkù àgbàdo họ ọ́ lẹ́yìn.
"Rọra, Ìbílọlá."

Ó wo dígí. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.
Ó rẹ́rìn-ín:
"Wọ́n ní wúrà ń bẹ lábẹ́ Iléṣà.
Ojú mi ló gbà yọ."