Garawa Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ẹ wo garawa yẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná,
èyí tí ìdérí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú:
ìyẹ̀fun àgbàdo ló wà níbẹ̀.
Kì í ṣe ohun tí à ń gbé síwájú àlejò pàtàkì.
Búrẹ́dì funfun ni ti àlejò,
ìyẹ̀fun àgbàdo ni ti àwa tá a ni ilé.

Saféta, ìyá ìyá mi, kì í fi ago wọ̀n ọ́n.
Ọwọ́ ló fi ń bù ú,
etí ló fi ń mọ̀ bóyá omi ti ṣetán.
Tí omi bá ṣì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, a ó dúró.
Tó bá ń hó yaya,
á máa fọ́n ìyẹ̀fun sí i bí ẹni ń gbin ẹ̀fọ́,
á di orógùn mú, á máa rò ó
títí apá rẹ̀ yóò fi gbóná ju ààrò lọ.
"Ẹni tó bá sinmi ọwọ́," ló máa ń wí,
"kókó ni yóò gbé mì."

Lọ́dún kan yìnyín sé ọ̀nà òkè Maramúréṣì mọ́ wa.
Ọjọ́ mọ́kànlá, ọkọ̀ oníbúrẹ́dì kò lè gòkè.
Màmá mi wà ní Ítálì, ó ń tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn.
Owó rẹ̀ ń wọlé sórí fóònù,
ṣùgbọ́n ta ló ń da owó sínú omi gbígbóná?
A ṣí garawa láàárọ̀, a ṣí i lálẹ́.
Láàárọ̀, mamalíga àti wàrà àgùntàn.
Lálẹ́, ìyókù ti àárọ̀, tí a dín nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀
títí etí rẹ̀ fi ń dún ràkà lẹ́nu.
Ọjọ́ keje, mo ní ó ti sú mi.
Saféta wò mí. Kò bínú.
"Òun sú ọ," ó ní. "Ìwọ kò sú òun."

Ọjọ́ kẹsàn-án, Gavrílà kan ilẹ̀kùn.
Gavrílà, tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa,
tí òun àti Saféta kò kí ara wọn fún ọdún mẹ́tàdínlógún
nítorí igi ápù kan tó dúró sí ààlà.
Àwọn awọnlẹ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mejì.
Okùn àkọ́kọ́ fún Gavrílà ní igi,
okùn kejì fún Saféta ní òjìji rẹ̀.
Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, yìnyín nínú irùngbọ̀n,
abọ́ òfìfo lọ́wọ́.
"Eku ti wọ tèmi."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rò pé yóò pa ilẹ̀kùn dé.
Ó gba abọ́ náà, ó wo inú rẹ̀ pẹ́,
bí ẹni ń ka ìwé ìpè kóòtù.
"Ìyẹ̀fun tútù kò lè gbé ọ délé," ó ní. "Jókòó."

Ó da mamalíga sórí pátákó,
ó jókòó rọ̀bọ̀tọ̀ bí òṣùpá tó já bọ́, ooru ń rú lára rẹ̀.
A kì í fi ọ̀bẹ gé e nílé wa. Òwú ni.
Saféta di orí kan mú,
ó na orí kejì sí Gavrílà, láìwò ó lójú,
wọ́n sì fà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè.
Mo tẹ̀ síwájú láti wò bóyá ìdajì méjèèjì dọ́gba.
Wọn kò dọ́gba. Ti Gavrílà ló tóbi.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ ààlà.

Ẹ má gbọ́ mi ṣì o: wọn kò di ọ̀rẹ́.
Bí yìnyín ṣe yọ́, kóòtù ni wọ́n gbà lọ.
Ṣùgbọ́n nígbà tí ápù pọ́n,
a bá abọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, ápù kún un dẹ́nu.
Saféta ní wọ́n kan.
Ó jẹ wọ́n tán, ó fọ abọ́,
ó bu ìyẹ̀fun sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gba sí i,
ó ní kí n sáré gbé e lọ
kí eku tó gbọ́.